Bí a ṣe ń ya àwòrán gbọ̀ngàn fún abúlé tí mọ́tò kì í dé

Ní àwọn abà koko tó jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń pinnu irú gbọ̀ngàn tí a lè kọ́. Àpò sìmẹ́ńtì kan wúwo tó kílò 50; mélòó ni ọ̀kadà fẹ́ rù nínú ẹrẹ̀? Ẹni tó bá ya òpó kọnkéré sínú àwòrán níbẹ̀, àfàìmọ̀ kí iṣẹ́ náà má dúró sí ìdajì. Ó máa ń dunni láti rí òpó aláìlórùlé tí koríko ti bò. Amọ̀ àti igi ibẹ̀ ló yẹ kó ru ilé náà, kí a tọ́jú sìmẹ́ńtì fún ibi tí omi àti ikán ti ń jà.

Ikán gan-an lọ̀tá. A kì í ri òpó igi mọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ igi àpá. Orí kọnkéré kékeré tó yọ sókè la ń gbé e lé, irin ló ń dì í mú, kí ojú lè tètè rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán bá là gòkè.

Fún nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn, mítà 10 ní gígùn àti 6 ní ìbú ti tó. Gígùn rẹ̀ a lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ìbú nìkan máa gba oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò sábà máa ń gbà wá. Ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni ògiri ti ń ga dé òrùlé. Ní ìyókù, ògiri kò ju ìwọ̀n orúnkún lọ, òun náà sì ni ìjókòó.

Etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta tó mítà kan. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, lo irú ọgbọ́n yìí ní Yunifásítì Ifẹ̀: àjà òkè yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bò ó. Páànù máa ń gbóná, ariwo òjò lórí rẹ̀ sì lè da ìpàdé rú, nítorí náà ẹní ọparun la ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo tí ooru yóò gbà jáde. Bí òjò sẹ̀ǹtímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé yìí, omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1,000. Àdánù ńlá ni láti jẹ́ kó ṣàn lọ ní abúlé tí kò ní ẹ̀rọ omi.

Kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, eérú la fi ń fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀. Baálẹ̀ àti ará abúlé á gbé àpótí wá, wọ́n á jókòó sáàárín rẹ̀. Bí ọ̀nà odò bá gba ibẹ̀ kọjá, ìyá tó ru omi ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìgbálẹ̀ la fi ń pa ìlà náà rẹ́, a ó sì tún un fà.