Ta Ló Gé Fíìmù Yìí? Àlàyé ọ̀rọ̀ lórí "aspect ratio"

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ni mo ti lo ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde. Bàbá Òkè-Àró ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìkànnì sátẹ́láìtì kan ti ya odidi ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún fíìmù àtijọ́, láti àárọ̀ títí di òru, atọ́kùn ètò á sì máa jáde láàárín fíìmù kan sí òmíràn láti tú àṣírí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà. Ká sòótọ́, tìtorí àwọn àṣírí yẹn ni Bàbá ṣe jókòó. Wọ́n ti wo àwọn fíìmù náà nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú.

Síbẹ̀ inú ń bí wọn.

"Ìwọ náà wò ó," wọ́n ní, wọ́n na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń na pàṣán. "Ti àárọ̀, wọ́n fi dúdú dí i lọ́tùn-ún, wọ́n fi dí i lósì. Ti ọ̀sán kún bó ṣe yẹ. Ti alẹ́ tí wọ́n ń polówó yìí, òkè dúdú, ìsàlẹ̀ dúdú, bí ẹni ń yọjú wòde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ta ló gé fíìmù yìí? Àbí owó tí mo san ni kò pé?"

Owó Bàbá pé. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ní orúkọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe fíìmù: aspect ratio. Ọ̀rọ̀ náà le létí, ṣùgbọ́n kò ju tìbú tòró tí aránṣọ àti káfíńtà fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ. Ẹ wọn ìbú àwòrán, ẹ wọn òró rẹ̀, kí ẹ wo ìlọ́po mélòó òró ni ìbú jẹ́. Iye yẹn ni aspect ratio. Àwòrán tí ìbú àti òró rẹ̀ dọ́gba, 1 ni. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì òró, 2 ni.

Màmá máa ń ránṣọ, mo bá yá téèpù wọn, mo fi wọn ojú tẹlifíṣọ̀n. Íǹṣì 32 ni. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 71, òró rẹ̀ jẹ́ 40. Bí ẹ bá fi 40 pín 71, ohun tí ẹ máa rí kò jìnnà sí 1.78. Òun ni wọ́n ń kọ sára páálí ní 16:9. Títóbi kò kàn án o: tẹlifíṣọ̀n 65 íǹṣì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba, 16:9 náà ni. Wàhálà máa ń dé nígbà tí àwòrán tó ní ìwọ̀n tirẹ̀ bá wọ inú tẹlifíṣọ̀n tó ní ìwọ̀n mìíràn.

Fíìmù àárọ̀ ni The Wizard of Oz, ti ọdún 1939. Láyé ìgbà náà, àwòrán fíìmù kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ilé iṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ni èyí ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1890 díẹ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, William Dickson, mú fíìmù tó fẹ̀ ní mílímítà 35, ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì kí eyín ẹ̀rọ lè máa rí nǹkan fà, ó sì pinnu pé ihò mẹ́rin ni àwòrán kọ̀ọ̀kan á gbà lóòró. Ìbú mẹ́rin sí òró mẹ́ta ló bọ́ sí, ìyẹn 4:3. Ìpinnu òṣìṣẹ́ kan nídìí tábìlì, gbogbo ayé tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún! Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn gba àyè díẹ̀ lára ìbú náà, ó sì di 1932 kí Academy tó ń fúnni ní Oscar tó fìdí ìwọ̀n náà múlẹ̀ sí 1.37.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àwòrán tó jẹ́ 1.37, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 lórí tẹlifíṣọ̀n Bàbá, kò lè fẹ̀ ju 55 lọ. Ìyókù, mẹ́jọ lọ́tùn-ún, mẹ́jọ lósì, òfìfo ni. Kò sí àwòrán kankan tó sá pamọ́ sẹ́yìn dúdú yẹn.

Atọ́kùn sọ àṣírí kan tí Bàbá ò gbọ́ rí nípa fíìmù yìí. Ṣé ẹ rántí ibi tí Dorothy ti ṣílẹ̀kùn, tí ayé búráùn tó ti ń bọ̀ fi di aláwọ̀ mèremère? Iṣẹ́ ọ̀dà àti aṣọ ni. Wọ́n fi ọ̀dà búráùn kun inú ilé náà, wọ́n wọ aṣọ búráùn fún obìnrin mìíràn, òun ló kẹ́yìn sí kámẹ́rà tó sì ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí ni Judy Garland, tó ṣe Dorothy, fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú pẹ̀lú aṣọ búlúù. Bàbá pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n wo ilẹ̀kùn yẹn dáadáa: ó ga, àyè sì wà fún gíga rẹ̀. Bí wọ́n bá fi rìmóòtù fẹ àwòrán náà kó lè kún, òkè ilẹ̀kùn á lọ, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà á lọ.

Tẹlifíṣọ̀n bá 4:3 nílẹ̀, ló bá mú un lò. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìwọ̀n yẹn ni. Tẹlifíṣọ̀n tó yọ ikùn sẹ́yìn, tí gbogbo ìyàwó ilé fi aṣọ kóróṣé bò lórí bí ìyàwó tuntun, ìwọ̀n yẹn náà ni.

Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n yìí kan náà ló dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn 1950, àwọn ará Amẹ́ríkà jókòó sílé, ilé sinimá ń dá. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wá bi ara wọn pé, kí la lè fún èèyàn tí àpótí inú pálọ̀ kò lè fún un? Fífẹ̀ ni wọ́n mú. Ní 1952, Cinerama fi ojú mẹ́ta ya àwòrán kan ṣoṣo, ó sì fi ẹ̀rọ mẹ́ta gbé e sójú aṣọ tó tẹ̀ bí ọrun. Ó wọ́n owó, kò sì ṣeé gbé kiri. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ fíìmù Fox gbé CinemaScope jáde, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tí ará Faransé kan, Henri Chrétien, ti ṣe sílẹ̀ tipẹ́.

Iṣẹ́ lẹ́ǹsì yẹn wù mí púpọ̀. Ó máa ń fún ìbú àwòrán pọ̀ kó tó wọ inú fíìmù. Bí ẹ bá gbé fíìmù náà sójú iná, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló tín-ín-rín, tí wọ́n ga bí ọ̀pẹ. Nígbà tó bá wá dé ilé sinimá, lẹ́ǹsì kejì á tú u padà sí bó ṣe fẹ̀. Àfi bí ẹni ká agbádá sínú báàgì ní Àkúrẹ́, tó dé òde ìnáwó ní Oǹdó kó tó tú u wọ̀.

Paramount, ilé iṣẹ́ fíìmù mìíràn, kò bá Fox lọ. Fíìmù 35 tí gbogbo ayé ń fà lóòró nínú kámẹ́rà, àwọn dùbúlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fà á níbùú, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan lè tóbi kó sì mọ́ kedere. VistaVision ni wọ́n pè é. Òun ni wọ́n fi ya The Ten Commandments, ti ọdún 1956, tó jẹ́ fíìmù ọ̀sán. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 1.85, ìdí nìyẹn tó fi kún tẹlifíṣọ̀n Bàbá. Dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó fífẹ̀ ìka kan, ojú Bàbá kò rí i. Òkun tó pínyà nínú rẹ̀ ńkọ́? Omi ni wọ́n dà rẹpẹtẹ sínú kòtò ńlá kan lọ́gbà Paramount, tí wọ́n wá yí fíìmù rẹ̀ sẹ́yìn, kí omi tó ń ya wọlé lè dà bí èyí tó ń sá lọ. Màmá, tí wọ́n ti ń yọjú wò ó láti ilé ìdáná, ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún Àjíǹde.

Alẹ́ lẹ́, ó kan Ben-Hur. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní New York, ọjọ́ méjìdínlógún péré lẹ́yìn tí WNTV bẹ̀rẹ̀. Fíìmù mílímítà 65 ni ilé iṣẹ́ MGM fi yà á, ó sì fẹ̀ dé 2.76, ìlọ́po méjì òró àti bí mẹ́ta nínú mẹ́rin lé. Mo tún na téèpù. Ìbú 71 tí tẹlifíṣọ̀n ní, fíìmù gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òró àwòrán kò pé 26. Dúdú sẹ̀ǹtímítà méje lókè, méje nísàlẹ̀. Letterbox ni orúkọ àlà dúdú olókè-nísàlẹ̀ yìí, nítorí ó jọ ihò gbọọrọ tí àwọn òyìnbó ń lu sára ilẹ̀kùn kí wọ́n lè máa ti lẹ́tà gbà á wọlé. Àpèjúwe Bàbá lórí yíyọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn kò kúkú jìnnà.

"Ó dáa," wọ́n ní, "kí ló dé tí wọn ò kúkú jẹ́ kó kún?"

Mo nawọ́ sí fọ́tò tó wà lórí ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò ìsìnkú ìyá wọn ni, gbogbo àwọn ọmọ olóògbé tò lọ bẹẹrẹ nínú aṣọ ẹbí. Onífíráàmù tí wọ́n gbé e fún nígbà náà ní fíráàmù kan nílẹ̀, kò sì fẹ̀ tó. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú réésà, ó gé apá òsì kúrò, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó gé kúrò ni Àǹtí tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn dúró sí. Títí dòní, ọwọ́ kan wà léjìká Bàbá nínú fọ́tò náà, ọwọ́ tó wọ ẹ̀gbà, tí kò sí ẹni tó ni ín. Gbogbo ọmọ kékeré tó bá wọ pálọ̀ yẹn ló máa ń bèèrè ọwọ́ ta ni.

Ohun tí onífíráàmù yẹn ṣe ni wọ́n ń ṣe fún fíìmù tó fẹ̀ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ 4:3. Pan and scan ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á jókòó ti fíìmù, á máa yan ibi tí àwa tó wà nílé máa rí. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, tí èkejì wà ní ìpẹ̀kun òsì, á máa wọ́ àwòrán lọ, á máa wọ́ ọ bọ̀, tàbí kó fi ẹnì kan sílẹ̀ kí ẹnì kejì máa dá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí Ben-Hur: bí ẹ bá gé 2.76 kó lè kún ojú 4:3, ohun tó kù kò tó ìdajì.

Mo wá bi Bàbá pé, kásẹ́ẹ̀tì Ben-Hur tí wọ́n fi ń yangàn láyé fídíò, ṣé dúdú wà lójú rẹ̀?

"Rárá o! Kíkún ló kún bámúbámú."

Kò pẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Gbogbo ọdún yẹn, ìdajì fíìmù ni wọ́n ti ń wò. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Olè ni wọ́n."

Ẹ lè bèèrè pé ta ló wá mú 16:9 wá. Láàárín 1980 sí 1989, nígbà tí wọ́n ń gbìmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tuntun, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà kan, Kerns Powers, ya gbogbo ìwọ̀n tí fíìmù ń lò sórí ìwé, ó jẹ́ kí ààyè inú wọn dọ́gba, ó sì tò wọ́n léra lórí. Ó rí i pé igun mẹ́rin tó lè gba gbogbo wọn, àti igun mẹ́rin tí gbogbo wọn jọ ní láàárín, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, bíi 1.77. Bí aṣọ ẹbí tí wọ́n rán ní sáìsì kan ṣoṣo ló rí: kò fún ẹnikẹ́ni pa, kò sì bá ọ̀pọ̀ mu rẹ́gí.

Ó ku ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì rìmóòtù. Wọ́n lè kọ Aspect, P.Size tàbí Zoom sí i. Zoom máa ń fẹ àwòrán títí dúdú fi máa lọ, ó sì ń dá etí àwòrán nù. Èyí tó ń nà án ló burú jù lójú tèmi: kì í gé nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn á sanra lójijì. Àwọn fíìmù Yorùbá wa ayé fídíò kásẹ́ẹ̀tì ló ń jìyà èyí jù. 4:3 ni fídíò kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì nà án sórí 16:9 ti fi ìdá mẹ́ta kún ìbú gbogbo òṣèré. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń bú òṣèrébìnrin kan pé ó sanra jù láyé ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì ló sanra. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ wá nǹkan roboto nínú àwòrán náà: abọ́, aago ògiri, táyà mọ́tò. Bó bá ti rí bí ẹyin tí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹ yí bọ́tìnnì padà sí 4:3 tàbí Auto.

Roboto náà ni a fi yẹ Ben-Hur wò nígbà tó dé ibi ìdíje kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Atọ́kùn ti sọ fún wa pé ní Cinecittà, ní Róòmù, ni wọ́n ti yà á, pé ẹṣin mẹ́rin ló ń fa kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé ibi tí kẹ̀kẹ́ Ben-Hur ti fò lórí àwókù, tí ẹni tó ń wà á sì tàkìtì síwájú, jàǹbá gidi ni. Joe Canutt, tó ń bá Charlton Heston, òṣèré tó ṣe Ben-Hur, ṣe ibi tó léwu, ló ṣẹlẹ̀ sí. Àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló bó, wọ́n sì fi àwòrán náà sílẹ̀ nínú fíìmù. Bàbá ti sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rí roboto. Nígbà tí àwọn eléré tò síbi ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ka kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìka láti etí dé etí, ìka wọn sì dúró lórí ìkẹsàn-án.

Ọjọ́ kejì, kí n tó kúrò ní Àkúrẹ́, wọ́n ní kí n bá àwọn tú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá nẹ́gátíìfù fọ́tò ìsìnkú yẹn ṣì wà níbẹ̀.