Ẹ̀gbẹ́ òsì fún ẹni tó ń kánjú: ta ló ń jèrè rẹ̀?

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ Okun tó wà nílùú òyìnbó bá ti ń ya wọ Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà, ẹ̀kọ́ ìwà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé London kì í gbàgbé tirẹ̀. Bó bá ti rí wa tí à ń ti ara wa lẹ́nu ọkọ̀ ní gáréèjì Kàbà, á ní: "Ẹ wò ó, lórí àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé èèyàn gòkè fúnra rẹ̀ ní London, ọ̀tún là ń dúró sí. A máa ń fi òsì sílẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èrò há."

Nítorí pé ó jù mí lọ ni mo ṣe ń dákẹ́. Pé ìwà ọmọlúàbí ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí gbogbo ayé ń lọ síbi iṣẹ́, ohun tó ń há wọn mọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ fi bohóòlù àdúgbò wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ẹnu ẹ̀rọ méjì ló wà, kẹ́ẹ̀gì 40 ti tò sílẹ̀. Ẹnìkan wá ní kí gbogbo wa pọn ní ẹ̀rọ kan, kí èkejì wà fún ẹni tó bá máa ru omi tirẹ̀ sáré délé. Ẹni mélòó ló fẹ́ ru omi sáré? Ẹ̀rọ kejì á kàn dá wà níbẹ̀ ni, ìlà tiwa á sì máa gùn. (Ní àdúgbò wa, ìjà á ti bẹ̀rẹ̀ kí kẹ́ẹ̀gì kẹta tó kún.)

Bó ṣe rí lábẹ́ ilẹ̀ London náà nìyẹn. Ibùdókọ̀ ojú irin Holborn jìn, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga ju mítà 20 lọ. Ìwọ̀nba ni ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ gùn ún láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó ń gùn sì nílò àyè níwájú láti gbé ẹsẹ̀, ó ju ti ẹni tó dúró lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òsì ṣe ń ṣófo, tí èrò ọ̀tún ń tò nísàlẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2015, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ìlú náà ní kí èrò dúró sí ọ̀tún àti òsì fún ọ̀sẹ̀ 3 ní Holborn. Wọ́n kà wọ́n. Àtẹ̀gùn kan tó ń gbé èèyàn 12,745 lọ́sẹ̀ láàárín aago 8:30 sí 9:30 àárọ̀ wá gbé 16,220. Eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń sá o.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn fi gbà á gbọ́? Nítorí pé òótọ́ ni fún ẹni tó ń rìn. Ó tètè dókè, ojú rẹ̀ ló ṣe. Àwọn tó há sísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà, kò rí wọn. Bí àtẹ̀gùn bá sì kúrú, tàbí tó jẹ́ ọ̀sán tí èrò kò pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tọ̀nà.

Ní Japan, ìpínlẹ̀ Saitama ti ṣòfin láti oṣù kẹwàá 2021 pé kí èèyàn dúró jẹ́ẹ́ lórí àtẹ̀gùn oníná, ṣùgbọ́n nítorí kí èèyàn má baà ṣubú ni tiwọn.

Ní 2016, Holborn tún dán dídúró sí ọ̀tún àti òsì wò fún oṣù 6. Inú bí àwọn kan, àṣà sì borí. Ẹni tó bá dúró sí òsì níbẹ̀ lónìí, á gbọ́ "ẹ yàgò" lẹ́yìn, bóyá ẹ̀gbọ́n mi náà ni.