Ọkọ̀ Liberty: ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún, ó lò ju ogún lọ

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù sínú òkun Àtìláńtíìkì lọ́pọ̀ yanturu, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè kan tuntun yára tó bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà mú àwòrán ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò lẹ́wà, tí kò sì lè sáré, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n sì fi kan ọkọ̀ 2,710 tí wọ́n pè ní Liberty láàárín ọdún 1941 sí 1945. Patrick Henry ni àkọ́kọ́. Baltimore ni wọ́n ti tì í sómi ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941. Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n fojú sí fún ọkọ̀ Liberty kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ pé bó bá kẹ́rù gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó rẹ̀ ti wọlé.

Ohun tó jẹ́ kó yá ni pé wọn kì í kan ọkọ̀ náà lójú kan. Wọ́n á kan orí rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí lọ́tọ̀, ilé atukọ̀ lọ́tọ̀. Kéréènì á gbé wọn pàdé ara wọn, wọ́n á sì fi iná jó wọn pọ̀. Tẹ́lẹ̀, ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó irin tí wọ́n ń gbá lórí, ni wọ́n fi ń so irin ọkọ̀ pọ̀, iṣẹ́ àwọn àgbà oníṣẹ́ sì ni. Iṣẹ́ wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lèèyàn fi ń kọ́ ọ dé ibi tó wúlò, ìyẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tí kò dé ibi ìkànkọ̀ rí fi di wẹ́dà. Patrick Henry gbà tó oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó yá, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó. Ní Richmond, ní Kalifọ́níà, ilé-iṣẹ́ Henry Kaiser kan ọkọ̀ Robert E. Peary, wọ́n sì tì í sómi láàárín ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942. Ṣekárímì pọ̀ nínú ìyẹn o: wọ́n ti to ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Iná jíjó yìí náà ló fẹ́ kó bá wọn. Bí òtútù bá mú lójú òkun, irin ọkọ̀ kan lè dún gbàù, kó sì là. Báyìí ni ọkọ̀ John P. Gaines ṣe là sí méjì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943, èèyàn mẹ́wàá sì bá a lọ. Àwọn wẹ́dà ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Constance Tipper, onímọ̀ irin ní Yunifásítì Cambridge, fi hàn pé ọwọ́ irin fúnra rẹ̀ kò mọ́: bí òtútù bá ti kọjá ààlà kan, irin tí wọ́n lò yẹn kì í tẹ̀ mọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Igun ẹnu yàrá ẹrù ni lílà náà sábà ń ti bẹ̀rẹ̀, torí onígun mẹ́rin ni, ibẹ̀ sì ni ipá ìgbì ń kóra jọ sí. Nínú ọkọ̀ onírìbẹ́ẹ̀tì, irin kan lè là kó dúró létí ara rẹ̀, bí aṣọ òfì tó ya tí ojú rírán dá a dúró. Èyí tí iná jó pọ̀ ti di odindi, kò ní etí. Wọ́n wá rẹ́ igun náà kó rí roboto, wọ́n sì fi ríbẹ́ẹ̀tì kan ọ̀já irin gígùn mọ́ ara ọkọ̀, kí ohun tó bá là lè rí ibi dúró.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ti àtijọ́ ni wọ́n lò, torí ọkọ̀ ogun ń gba gbogbo èyí tó yá nílẹ̀. Agbára ẹṣin 2,500 ni. Bọ́ílà méjì ń fi epo se omi; ooru omi náà á wọ sílíńdà kékeré, á ti pístọ̀nù, á tún wọ èyí tó tóbi jù ú lọ, á wọ ìkẹta tó tóbi jù lọ, kó tó tutù padà di omi tí bọ́ílà ń mu. Máìlì òkun mọ́kànlá ni ọkọ̀ náà ń rìn ní wákàtí kan. Gbangba ni gbogbo ara ẹ́ńjìnnì náà wà. Ẹni tó ń bu epo sí i á dúró tì í. Bí ọ̀pá irin ńlá tí pístọ̀nù ń tì bá ti yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án fìrí, á sì yọwọ́. Bó bá gbóná jù, epo kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Irú ẹ́ńjìnnì báyìí, mẹkáníìkì èbúté èyíkéyìí lè tún un ṣe; torí pé bákan náà ni gbogbo wọn rí, èèyàn tún lè tú ti ọkọ̀ kan fún èkejì. Ibí gan-an ni ẹ̀mí gígùn rẹ̀ ti wá.

Ogun parí, ọkọ̀ wá pọ̀ nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní 1946, Amẹ́ríkà ṣòfin láti tà wọ́n. Àwọn ará Gíríìsì, tí ogun ti run ọkọ̀ wọn, ra bí ọgọ́rùn-ún, ìjọba wọn ló ṣe onídùúró. Ọkọ̀ á pààrọ̀ orúkọ, á ta àsíá Panama tàbí ti Làìbéríà níbi tí owó orí ti fúyẹ́, á gbé èédú lọ, á gbé àlìkámà bọ̀. Wọ́n so èyí tó ṣẹ́kù mọ́ra ní ìlà ìlà, ní James River ní Virginia àti Suisun Bay ní Kalifọ́níà. Ìjọba tiẹ̀ sọ àwọn kan di àká àlìkámà.

Ìṣirò owó ló pa wọ́n níkẹyìn. Bí ọkọ̀ ti ń dàgbà, owó àyẹ̀wò àti ti adójútòfò ń ga, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tuntun ń kẹ́rù jù ú, ó sì ń sáré jù ú. Lọ́jọ́ tí àjákù irin bá ti pa owó ju ẹrù lọ, ẹni tó ni ín á wà á lọ sí Taiwan tàbí Japan kí wọ́n gé e. Láàárín ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lọ báyẹn. Ọkọ̀ Liberty kan tó ń jẹ́ Jeremiah O'Brien bọ́ níbẹ̀ torí pé Suisun Bay ni wọ́n so ó mọ́ láti 1946. Nígbà tí wọ́n dáná sí bọ́ílà rẹ̀ ní 1979, ẹ́ńjìnnì náà jẹ́, ó sì fira rẹ̀ jáde láìsí ẹni tó fà á. Ní 1994, àwọn atukọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn ti darúgbó wà á láti San Francisco, wọ́n gba Panama dé Normandy ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti kẹ́rù ogun lọ ní 1944.