Ẹ má tíì ta Android yín

Àǹtí kan tó ń ta lésì ní Balógun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Ìkẹjà lọ́jọ́ kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé fóònù wọn wá fún mi, Tecno ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí Samsung, ẹ ò sì gbọdọ̀ bú Android níwájú wọn o, ìjà ni. Àfi bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ní, "Ẹnjiníà, wá iPhone tòkunbọ̀ kan fún mi, àmọ́ sọ òótọ́, ṣé mi ò ní kábàámọ̀?"

Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní FaceTime, ìpè fídíò ti iPhone, lòun fẹ́ máa fi pe àwọn. Mo ní Àǹtí, tó bá jẹ́ torí ìyẹn nìkan ni, ẹ fowó yín ra lésì. Láti 2021 lẹni tó ń lo iPhone ti lè fi línkì FaceTime ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lo Android, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí nínú Chrome, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká má purọ́, iPhone ọ̀hún ló kàn wu àwọn. Èyí yé mi ju ti FaceTime lọ.

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe fóònù ló so èèyàn mọ́ Android, ẹrù inú ẹ̀ ni, èyí tó sì ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún jù ni WhatsApp. Backup, ìyẹn ẹ̀dà chat tí WhatsApp ń fi pamọ́ lórí Android, ọ̀dọ̀ Google ló ń lọ, ti iPhone ń lọ sí iCloud, ibi ìpamọ́ ti Apple, àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Àtọdún 2022 la ti lè fi áàpù kan tó ń jẹ́ Move to iOS kó chat WhatsApp lọ sórí iPhone, orí Android lẹ máa gbé e sí, àmọ́ ìgbà tí ẹ ò tíì sẹ́tì iPhone yẹn rárá lẹ máa ṣe é o. Ayọ̀ kì í jẹ́ káwọn èèyàn dúró, inú danfo ni wọ́n á ti sẹ́tì ẹ̀ tán, wọ́n á wá gbé e bá mi lọ́jọ́ kejì pé chat oníbàárà ọdún mẹ́ta dà, màá ní ó di ká pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà lẹ máa lò, kí fóònù méjèèjì wà lórí iná, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù, tí fídíò bá pọ̀ níbẹ̀ ẹ lè jẹun tán kó má tíì parí.

Fọ́tò ò le. Ẹ gbé Google Photos sórí iPhone, ẹ fi Gmail yín wọlé, èyí tẹ́ ẹ ti kó síbẹ̀ á wà níbẹ̀. iCloud ò lè gbà á, 5GB péré ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Google ń fúnni ní 15GB. Mẹ́mọ́rì káàdì? iPhone ò níbi tẹ́ ẹ máa kì í bọ̀, ẹ má lọ ra 64GB kẹ́ ẹ wá máa bínú sí mi.

Tòkunbọ̀ tún ní wàhálà tiẹ̀. Láti iPhone 14, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ò níhò síìmù rárá, eSIM, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, nìkan ló ń lò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóònù dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wọ Settings, General, About, ẹ wo Carrier Lock, tí ò bá sọ pé No SIM restrictions, ó lè má gba síìmù wa. Kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́ lójú yín, tó bá tún ń béèrè Apple Account ẹlòmíì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sá.

Ó wá ku áàpù báńkì. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má tíì ta Android yín, ẹ jẹ́ kó wà nílé bí oṣù kan, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù tuntun wọlé lẹ máa rántí pé áàpù tó ń fún yín ní kóòdù, orí ti àtijọ́ ló wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti iPhone bọ̀ sí Android, ẹ pa iMessage, ìyẹn text ti iPhone, kẹ́ ẹ tó yọ síìmù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ text àwọn ọ̀rẹ́ yín lè máa lọ sí fóònù tẹ́ ẹ ti tà.

Àǹtí ra iPhone 13, torí ihò síìmù. Mo ní ká sọ síìmù kejì di eSIM, wọ́n ní láéláé, síìmù táwọn ò lè fọwọ́ kàn, ṣé síìmù nìyẹn? Inú Samsung ló ṣì wà, òun ni wọ́n sì fi ń gba owó lésì.