Wáyà Eyín Kì í Ṣe Yẹtí

Ó tún ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá kan na fóònù sí mi, ó ní "Dókítà, ẹ wò ó, irú eléyìí ló ń wu ọmọ mi." Ọmọléèwé Indonéṣíà kan ni, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, síkẹ́ẹ̀tì búlúù, fọ́tò olórin Kòríà lẹ́yìn fóònù ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, rọ́bà píǹkì to sára wáyà tí wọ́n fi ń to eyín ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo wá wo ẹnu ọmọ tiwọn, eyín tò bí ọkà àgbàdo, èjí kékeré kan báyìí láàrin, èyí tí ìyá àgbà ì bá máa fi kì í. Kí ni kí n wá tò níbẹ̀?

Àwọn ọmọléèwé SMP ní Indonéṣíà yìí, ìyẹn bíi JSS tiwa, ọmọ ọdún 12 sí 15, wọ́n mọ fáàrí o. Ní 2022, àwọn ọ̀dọ́ ń wọkọ̀ ojú irin láti àwọn ìlú ìtòsí bíi Citayam àti Bojonggede wá sí àdúgbò Dukuh Atas ní Jakarta, wọ́n sọ ibi tí èèyàn ń gbà sọdá títì di ibi tí wọ́n ti ń fi aṣọ yangàn, Citayam Fashion Week ni wọ́n pè é. Èmi ò bá wọn jà, aṣọ kì í ba eyín jẹ́. Behel ni mo bá wọn jà sí. Bí wọ́n ṣe ń pe wáyà eyín nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Holland. Tó bá ti wà lẹ́nu ẹ, àá mọ̀ pé ilé yín lówó. Owó dókítà wá wọ́n, ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ tukang gigi lọ.

Tukang gigi! Oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì tó ń ṣiṣẹ́ eyín láì jẹ́ dókítà, tó ya eyín ńlá sára pátákó. Òfin iléeṣẹ́ ìlera wọn ti 2014 ní eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ ni kí wọ́n máa ṣe, kò fọwọ́ sí wáyà rárá, síbẹ̀ wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu láìsí X-ray.

X-ray yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Eyín ò dúró bí ìṣó nínú pákó. Tí wáyà bá ń rọra tì í, egungun iwájú ẹ̀ á máa yọ́, òmíì á máa hù lẹ́yìn ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó gbà tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì tí a sì máa ń ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tẹ́nì kan bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ, gbòǹgbò eyín fúnra ẹ̀ lá máa yọ́, á kúrú, èyí tó bá sì ti kúrú ò ní gùn mọ́ láéláé. Ta ló fẹ́ fojú lásán rí gbòǹgbò? Ọdún mẹ́fà ni mo fi kàwé kí n tó gbàwé àṣẹ, ká má tíì sọ ti wáyà, ẹnì kan wá wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ó di oníwáyà.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 14, wo fídíò irú àwọn ọmọ yẹn títí, ó ra tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n kàn ń fi há eyín. Nígbà tí kò dúró, ó fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Èyí tí ṣúmékà fi ń lẹ bàtà! Ó lé ní wákàtí méjì kí n tó ha á kúrò, èrìgì wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìrẹsì àná ṣì wà lábẹ́ wáyà, eyín iwájú kan ń mì bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. Ìyá ẹ̀ ní ṣé kí àwọn máa fi ògógóró fọ ẹnu ẹ̀. Mo ní mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.

Ọmọ yẹn nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu ẹ̀, ó wò mí, ó ní ṣé mo lè dá rọ́bà píǹkì òun padà.