Kí Ìràwọ̀ Ńlá Tó Bú, Ó Ti Kọ́kọ́ Wó

Nígbà tí ìràwọ̀ ńlá bá bú gbàù, ìyẹn ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní supernova, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀. Epo ló tán nínú ọkàn rẹ̀, ọkàn náà wó sínú ara rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ìwólulẹ̀ yẹn ló sì di ìbúgbàù.

Òòfà ìràwọ̀ (gravity) kì í yé fa ìràwọ̀ náà wọ inú ara rẹ̀. Ooru tó ń ti inú jáde ni kì í jẹ́ kó wó, ooru yìí sì ń wá láti ara kóró átọ́ọ̀mù kéékèèké tó ń so pọ̀ di ńlá: háídrójìn ń di hílíọ́mù, hílíọ́mù ń di kábọ́nù. Ibi tí irú oòrùn wa yóò bá a dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fún ọkàn rẹ̀ pọ̀ débi tí kábọ́nù pàápàá yóò fi jó, tí neon, ọ́síjìn àti sílíkọ́nù yóò tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan irin.

Bí epo ṣe ń yí padà ni àkókò ń kúrú sí i. Nínú ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn 25, háídrójìn á jó fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 7. Kábọ́nù kò ju ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lọ. Sílíkọ́nù, nǹkan bí ọjọ́ kan péré! Ọkàn náà ti gbóná débi pé neutrino, horo bíńtín tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohunkóhun, ń kó ooru sá jáde, epo sì gbọ́dọ̀ yára jó láti dí àlàfo rẹ̀.

Irin ni òpin ọ̀nà. Kóró rẹ̀ dì mọ́ra débi pé ká tó so méjì pọ̀, a máa ná agbára lé e lórí ni, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Irin á kàn máa gbára jọ láìmú ooru wá, títí ọkàn náà, tí kò tó ayé wa yìí ní títóbi, yóò fi wúwo ju oòrùn lọ. Àwọn electron, ìyẹn horo bíńtín inú átọ́ọ̀mù, tí kò gbà kí a tún fún wọn pọ̀ mọ́ ló ń gbé ẹrù yẹn dúró. Agbára wọn ní ààlà: nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ìwúwo oòrùn. Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ Íńdíà, ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ààlà yìí ní 1930 nínú ọkọ̀ òkun tó ń gbé e lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà.

Bí ọkàn irin bá ti kọjá ààlà yẹn, ìtànṣán gbígbóná janjan á máa fọ́ kóró irin sí wẹ́wẹ́, fífọ́ yẹn á sì máa jẹ ooru. Àwọn electron á máa wọnú proton, wọn á di neutron (proton àti neutron ni horo tó para pọ̀ di kóró átọ́ọ̀mù); àwọn tó ń gbé ẹrù dúró pòórá nìyẹn. Ọkàn náà á wá máa já wọ inú ní nǹkan bí 70,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Awọ òde ìràwọ̀ kò tíì mọ nǹkan kan.

Ìgbà tí àárín bá ki tó kóró átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni ìṣubú yìí tó dúró. Ọkàn náà á ta padà bíi bọ́ọ̀lù tí a là mọ́lẹ̀, ìgbì alágbára á sì gbéra lọ sí òde.

Ó rọrùn láti sọ pé ìgbì yẹn ló fọ́ ìràwọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn kò pé. Irin tó ṣì ń já bọ̀ ni ìgbì náà ń fọ́ bó ṣe ń lọ, iṣẹ́ yẹn sì ń tán an lágbára. Ìṣirò kọ̀ǹpútà fi hàn pé ó máa ń dúró sójú kan ní nǹkan bí 150 kìlómítà sí àárín. Bí nǹkan kan kò bá gbà á, ìràwọ̀ kò ní bú. Ihò dúdú, ohun tí òòfà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá jáde, ni yóò dà.

Neutrino ló ń gbà á. Ìràwọ̀ neutron, ìyẹn ọkàn tó wó tí neutron wá kún inú rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sí àárín ń tú wọn jáde fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n sì ń kó nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 gbogbo agbára ìwólulẹ̀ náà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 1,000. Neutrino lè gba inú ayé kọjá láìkan nǹkan kan, àmọ́ lẹ́yìn ìgbì tó dúró yẹn, ohun gbogbo ki débi pé díẹ̀ nínú wọn ń há. Díẹ̀ yẹn tó. Ibẹ̀ á gbóná, á máa hó, á máa rú sókè sódò, títí ìgbì á fi tún gbéra. Híhó yìí kì í ṣe ohun kékeré: nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò bíi pé ìràwọ̀ dọ́gba níhà gbogbo, ìràwọ̀ inú kọ̀ǹpútà kì í sábà bú.

Ẹ̀rí dé ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1987, láti ara ìràwọ̀ kan tó bú nínú Large Magellanic Cloud, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré kan nítòsí tiwa, ní nǹkan bí 168,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan). Àwọn ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ ní Japan, Amẹ́ríkà àti Soviet Union ká neutrino bíi 25 mọ́. Ó tó wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà kí ìmọ́lẹ̀ tó dé. Kì í ṣe pé neutrino sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ o. Ìmọ́lẹ̀ ní láti dúró de ìgbì kó rìn dé awọ òde.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa, Super-Kamiokande, ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ tó ń ṣọ́ neutrino ní Japan, nìkan lè ká ẹgbẹẹgbẹ̀rún neutrino. Bí iye wọn bá rọra ń dín kù, a jẹ́ pé ìràwọ̀ neutron ló ń tutù níbẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró lójijì, ihò dúdú ló ti gbé ọkàn náà mì.