Àtakò aláìfọhùn

Àtakò aláìfọhùn ni kí ènìyàn fi ara, aṣọ, ewé, iná tàbí ìdákẹ́ kọ ohun tí ìjọba tàbí aláṣẹ kan ń ṣe, láìpariwo, láìsì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ó sábà máa ń bá orin àti ariwo ìwọ́de rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè dá dúró. Ohun tó ń gbé e ró ni pé ẹni tó ń wò ó ti mọ ìtumọ̀ àmì náà tẹ́lẹ̀. Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.

Ewé tútù

Ní Ilé-Ifẹ̀, ewé ni àmì tí ojú mọ̀ jù. Bí ìwọ́de bá ti gba títì, awakọ̀ tó ń bọ̀ á dúró, á bọ́ sílẹ̀, á já ẹ̀ka igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, á fi há ẹnu wáípà níwájú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́kadà á so tirẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà. Wọn kò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Wọ́n á yà fún un. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí kan ìgbà ìwọ́de owó epo ní oṣù Kìíní ọdún 2012 àti ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ewé náà gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ̀ka gbígbẹ kò jẹ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé nínú èdè wa, ohun tó tutù ni ohun tó ní ẹ̀rọ̀. Ẹni tó fi ewé tútù sórí ọkọ̀ ń sọ pé òun wà lẹ́yìn àwọn olùwọ́de, òun kò sì bá ìjà wá.

Àrokò àti igbá òfìfo

Kò yani lẹ́nu pé àwọn Yorùbá tètè lóye irú nǹkan báyìí, nítorí wọ́n ti ń fi àrokò ránṣẹ́ tipẹ́. Ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó gbà á. Bí a bá so ẹyọ owó méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ààlè náà wà: bàtà gbígbó tàbí àkísà pupa tí a so mọ́ igi ọsàn ń kìlọ̀ fún olè nígbà tí olóko kò sí nítòsí.

Èyí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ti Ọ̀yọ́ àtijọ́. Bí Aláàfin bá di aninilára, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè afọbajẹ tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un. Ọba tó bá gbà á mọ̀ pé ìlú ti kọ òun, ó sì di dandan kó wàjà fúnra rẹ̀. Baṣọ̀run Gáhà ṣi agbára yìí lò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí Aláàfin Abíọ́dún tó borí rẹ̀ ní 1774. Igbá náà kò sọ̀rọ̀, ọba sì gbọ́.

Nílẹ̀ òkèèrè

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 1968, nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mexico City, Tommie Smith àti John Carlos, eléré ìje aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, na ìkúùkù sókè nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Ìbọ̀wọ́ dúdú kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ̀, nítorí Carlos gbàgbé tirẹ̀, wọ́n wá pín ti Smith: Smith wọ ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, Carlos wọ èkejì sósì. Wọn kò wọ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ dúdú nìkan ni, láti fi ìṣẹ́ àwọn ènìyàn wọn hàn. Peter Norman ará Ọsirélíà, tó gba ipò kejì, lẹ báàjì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́ àyà láti tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n lé Smith àti Carlos kúrò nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Norman kú ní 2006, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Ní Istanbul, ní ilẹ̀ Turkey, ní oṣù Kẹfà 2013, oníṣẹ́ ọnà kan, Erdem Gündüz, kàn dúró ní gbàgede Taksim fún wákàtí púpọ̀ láìfọhùn, láti tako ìjọba. Àwọn mìíràn wá dúró tì í. Ní Ṣáínà ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn ènìyàn gbé ìwé funfun tí wọn kò kọ nǹkan kan sí, láti tako òfin kòrónà tó le àti bí ìjọba ṣe ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn igbá Ọ̀yọ́ yóò tètè mọ̀ pé òfìfo lè kún fún ọ̀rọ̀.

Ìrántí àti ọjà tí a tì

Fásitì Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, tí wọ́n sì sọ ní Obafemi Awolowo University ní 1987, ní ìtàn ìwọ́de tó gùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awolowo Hall lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, títí kan George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní Afrika. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ́ kí ọjọ́ náà di ìgbàgbé. Nínú irú ìrántí bẹ́ẹ̀, aṣọ dúdú, àbẹ́là tó ń jó àti ìṣẹ́jú kan tí gbogbo ènìyàn fi dákẹ́ ń bèèrè ìdájọ́ òdodo lọ́wọ́ aláṣẹ.

Jíjókòó sílé náà jẹ́ ọ̀nà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, wọ́n ti ọjà àti ọ́fíìsì pa ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, títì sì dá páropáro.

Òfin

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn ẹni ní abala 39, àti ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà ní abala 40. Ní 2007, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP bá ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ṣe pé kò pọn dandan kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó ṣe ìwọ́de àlàáfíà.